Lẹ́tà Ṣíṣí sí eNáírà, Akọni tí Kò Rógun Jà

eNáírà, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dilẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ̀wé sí ọ. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ni mo ń kọ lọ́wọ́, lórí bí kírípítò ṣe gbéná wojú Náírà. Ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣe akọni rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí dé orí, n kò rí ibi tí mo máa kì ọ́ bọ̀.

Orí kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, ọdún 2021. Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì ẹnikẹ́ni tó bá ń fi kírípítò ṣòwò pa. Àwọn ọmọ wa ò janpata. Wọ́n kó ọjà lọ sórí WhatsApp àti Telegram. Ẹni tó ní USDT lọ́wọ́, ìyẹn kírípítò tí wọ́n so mọ́ dọ́là, á béèrè pé, "Eélòó lẹ̀ ń ra U?" Ẹni tó fẹ́ rà á yóò fi Náírà ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, ṣùgbọ́n wọ́n á ti kìlọ̀ fún un pé kó má dárúkọ kírípítò níbẹ̀ o, kó kọ "owó aṣọ". Tí alert bá ti dún, U ti lọ nìyẹn. Aṣọ tí báńkì rò pé wọ́n rà lọ́dún yẹn á tó dá fún gbogbo ìlú.

Orí kejì, ìwọ dé. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni Ààrẹ Buhari fi ọ́ hàn fáyé l'Ábùjá, ìwọ owó orí ẹ̀rọ ti Báńkì Àpapọ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ nílẹ̀ Áfíríkà. Mo ní ogun dé nìyẹn! Àfi bí àjọ ìṣúná àgbáyé, IMF, ṣe gbé ìwádìí jáde ní 2023: nínú 100 àpò eNáírà, ó lé ní 98 tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Orí kẹta ló dùn mí jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n pààrọ̀ owó bébà, owó sì di àwátì. Ìwọ tí o kò nílò bébà, ọjọ́ rẹ kọ́ nìyẹn? Ṣebí Náírà làwọn èèyàn ń fi ra Náírà nídìí POS, tí ẹlòmíràn ń san 2,000 kó tó rí 10,000 gbà. Wọ́n tò láti àárọ̀ dalẹ́. Díẹ̀ ló rántí rẹ.

Orí kẹrin, 2024. Gómìnà Báńkì Àpapọ̀, Cardoso, ní 26 bílíọ̀nù dọ́là gba orí Binance Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ kírípítò, kọjá láàárín ọdún kan, láti ọwọ́ àwọn tí a ò dá mọ̀. Ìjọba fi ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà méjì sí àtìmọ́lé. Ní oṣù Kẹta, ọ̀kan nínú wọn, Nadeem Anjarwalla, pòórá mọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ lójú. Ìròyìn ní mọ́ṣáláṣí ni wọ́n mú un lọ kírun. Sinimá rèé! Gbogbo èèyàn ni wọ́n fura sí nínú orí yìí, àfi ìwọ.

Mo ti wá rí ibi tí ìtàn náà ti wọ́. Wọ́n rán ọ wá bá kírípítò jà, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ làwọn èèyàn ń sá fún. Nígbà tí wọ́n bí Náírà ní 1973, dọ́là kan kò tó Náírà kan. Nígbà tí wọ́n bí ọ, ó ti lé ní 400. Ní oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ẹni tó fẹ́ kí owó iṣẹ́ rẹ̀ má yọ́ kó tó di ìparí oṣù, kí ló fẹ́ fi ọmọ Náírà ṣe? Kí bàbá rẹ kọ́kọ́ gbádùn ná, a ó wá rí ipa fún ọ.

Ní báyìí, má bínú, mo ti gba àwọn òṣèré. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ gba owó wọn. Àwọn kan ní transfer, àwọn kan ní U. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Òǹkọ̀wé tó ń wá akọni