Ọ̀gbẹ́ni "Ilé-iṣẹ́ Wa"

Bí ẹ bá wọ kórópe láti Ògbà lọ sí Ọmọ́lé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ ló fi kọ́rùn. Ojú káàdì tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà ló yí sí èrò. Ojú kejì, tí wọ́n tẹ "CASUAL" sí, lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Bí ẹni tó jókòó tì í bá béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á tún kọ́là ṣe: "Ilé-iṣẹ́ wa ló ń fi ọjà ránṣẹ́ jákèjádò Nàìjíríà." Kò purọ́. Òun ló ń ṣa ọjà náà lórí pẹpẹ, òun náà ló ń dì í.

Ẹ wò ó lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó gbóríyìn fún un. Wọ́n na ìwé ọjà sí i: ife tánganran mẹ́fà, bílẹ́ńdà kan. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti ti kẹ̀kẹ́ gba àárín pẹpẹ já. Kò wo nọ́ńbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀nà. Ó fi náílọ́ọ̀nù wé ife lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìkókó, ó lẹ páálí pa, ó fi eyín já tépù. Lẹ́yìn náà ló gbé páálí sétí, ó mì í. Kò dún. Ó pé.

Ọdún kẹsàn-án rèé, kásúà ṣì ni. Owó ojúmọ́ ló ń gbà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Ọjọ́ tí ibà bá dá a dùbúlẹ̀, kí ibà sanwó fún un. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbèjà ilé-iṣẹ́ tó o. Ọmọ tuntun jókòó lórí páálí: "Ẹ má bà á jẹ́ fún wa!" Jẹnẹrétọ̀ ń ké: "Dísù tí à ń rà ti pọ̀ jù." Oṣù kọkànlá, tí ẹ̀dínwó Black Friday bá mú un dúró mọ́jú: "A tà lọ́dún yìí!" Ọ̀gá ń pè é ní Chairman. Oyè ò ná ọ̀gá ní kọ́bọ̀.

Nígbà Kérésì, òun ló ka àpò ìrẹsì àwọn tó ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, òun ló gbé e sínú búùtù ọkọ̀ wọn. Tirẹ̀ ò sí níbẹ̀. "Ilé-iṣẹ́ wa ń ṣọ́wó ná ni." Nírọ̀lẹ́, sẹ́kúríìtì ní kí Chairman bọ́ bàtà, kó tú àpò ṣòkòtò sóde, bóyá ó ti jí ọjà ara rẹ̀ gbé.

Ẹ má rò pé kò gbọ́ òfin rí. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974, abala 7, là á sílẹ̀: kí oṣù mẹ́ta tó kọjá, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn iṣẹ́ àti owó sínú ìwé fún òṣìṣẹ́. Ẹnìkan kà á fún un. Ó rẹ́rìn-ín: "Mọ̀lẹ́bí ni wá níbẹ̀."

Bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ fákítìrì lójú ọ̀nà Ọba Akran, òpópónà tí Guinness kọ́ ilé ìpọntí sí ní 1962. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni ṣe mọ̀lẹ́bí. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú férémù ní pálọ̀ wọn l'Ágége.

Chairman gbójú lé mọ̀lẹ́bí ilé-iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Bí ẹ bá bá a pàdé lọ́la, ẹ má pè é ní kásúà lójú èrò. Ẹ kí i: "Chairman, ẹ kú iṣẹ́." Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ wá bi í jẹ́ẹ́jẹ́: ilé-iṣẹ́ wa yìí, ìwé wo ni wọ́n kọ orúkọ wa sí?