Àyàn ti wọ inú àyà aya

Ẹ̀yin ará Fájuyì ní Adó-Èkìtì! Bí ẹ bá gbọ́ ìlù lóru ọjọ́ kan tí ẹ rò pé wọ́n ń ṣe òkú àgbà ládùúgbò, ẹ dá abọ́ ìrẹsì yín padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí òkú. Kò sí ìrẹsì. Àyà mi ni.

Agogo mẹ́ta òru ni. Mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ mi, ni àyà mi bá ní "kì". Ó tún ní "kì-kì". Ó wá dákẹ́ bí kọ́ńdọ́ ọkọ̀ tí wọ́n bi ní ṣéńjì. Ìgbà tó máa fọhùn, ó ní "GBÌM!" Bàbá àwọn ọmọ ta jí, ó na etí, ó ní, "Ta ló ń gúnyán nírú àsìkò yìí?" Ẹ má bá a wí, ọmọ Èkìtì ni. Ayé ìbáà máa parẹ́, bó bá ti gbọ́ ohùn odó, ọbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Mo ní kì í ṣe iyán, àyà mi ló ń lù. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Kí lo ṣe?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Lójú àwọn ọkọ wa, àyà obìnrin kì í ṣàdédé lù, àfi kó ti ná owó àjọ, tàbí kó ti gba aṣọ ẹbí kẹta láwìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ rọra. Ta ló gba léèsì láwìn lóṣù tó kọjá? Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Bí o kò bá ṣe nǹkan kan, sùn." Ó yíjú sí ògiri, ó ti ń hanrun kí n tó ṣẹ́jú. Bí dókítà àkọ́kọ́ ṣe tú mi sílẹ̀ nìyẹn.

Ibi tó ti wá ká mi lára ni ti ẹni tí àdúgbò wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, ọ̀gágun tó gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross nítorí iṣẹ́ akin tó ṣe ní Kóńgò, gómìnà ológun Ìwọ̀ Oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966, àwọn ológun ká a mọ́lé ní Ìbàdàn, wọ́n ní àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, làwọn ń wá. Ìtàn tí gbogbo Adó mọ̀ ni pé ó ní òun kò ní fi àlejò òun sílẹ̀. Ìbọn lójú, àyà kò já. Ẹni ogójì ọdún ni. Èmi tí mò ń gbé nítòsí ọgbà ìrántí rẹ̀ wá ńkọ́, èmi ẹni ọdún 51? Báǹkì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn yọ náírà 50, àyà mi sáré bí ẹni pé wọ́n ta ilé bàbá mi.

Mo rò pé èmi nìkan ni, àfìgbà tí mo dé ìpàdé alájẹṣẹ́kù. Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún ẹni tó jókòó tì mí. Ó ní tòun náà ń lù. Ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ́, ó ní tòun tilẹ̀ ń jó. Kí akọ̀wé tó ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá tán, a ti pé mẹ́sàn-án, gbogbo wa láàárín ọdún 45 sí 55. Ìlù ti pé, agbè ló kù. Ojú ẹsẹ̀ la fún ara wa lórúkọ. Ẹni tí tirẹ̀ máa ń yára kíkankíkan, Ìyá Gúdúgúdú. Ẹni tí tirẹ̀ ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí kọ̀ǹkọ̀ inú àpò, Ìyá Kọ̀ǹkọ̀. Ẹni tí ooru máa ń ru láti àyà dé àtàrí, tó ń fi ìwé ètò ìsìnkú fẹ́ ara rẹ̀ nínú ọyẹ́, Ìyá Oníná. Iná lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ní Fájuyì, iná tirẹ̀ kì í ṣẹ́jú. Bó bá ṣe é so wáyà mọ́ ni, títí dé Òkèṣà ni kò bá sí òkùnkùn mọ́. Èmi? Ìyá Gbìm.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé, ó ṣe tán ọ̀rọ̀ ìlù ni, ta ni kò gbọ́ ìlù nínú wa? Ọkàn ènìyàn ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́. Kò gba ìsinmi, kò gba àjẹmọ́nú, kò sì bá wọn yanṣẹ́ lódì rí. Bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, ìlù 60 sí 100 ló ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ìyáàlù kan wà ní igun òkè lápá ọ̀tún rẹ̀, òun ló ń darí agbo. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, omele kan á já wọ inú ìlù kó tó kàn án, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ìyáàlù á dá ọwọ́ dúró, á wò ó láti òkè délẹ̀: "Ta lọmọ yìí?" Ní àsìkò tó fi ń wò ó yẹn, ẹ̀jẹ̀ á kún inú ọkàn ju ti tẹ́lẹ̀, ìlù tó bá tẹ̀lé e á wá rinlẹ̀ ṣìnkún. Òun là ń pè ní "ọkàn mi fo." Kò fo síbì kan. Omele ló yájú, ìyáàlù ló bá a wí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkàn wọn le koko ni irú rẹ̀ ń ṣe, púpọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ mọ̀.

Kí ló wá dé tí omele fi ń rójú yájú nígbà tí a sún mọ́ àádọ́ta? Ẹ bi Ẹsítírójínì, hómóònù tó ti ń bá wa tọ́jú ilé láti ìgbà ọmọge. Ó fẹ́ fẹ̀yìntì. Ẹ sì mọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìntì: lónìí, á dé ní agogo méje, lọ́la, kò ní yọjú, lọ́túnla, á fi kóòtù há ẹ̀yìn àga, á gba oko lọ. Báyìí ni yóò máa ṣe wá fún ọdún mélòó kan. Bó bá pé oṣù 12 gbáko tí obìnrin kò rí nǹkan oṣù, ìwé ìfẹ̀yìntì ti jáde nìyẹn, láàárín ọdún 45 sí 55 ló sì ń jáde fún ọ̀pọ̀. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ayẹyẹ ìdágbére. Ooru àti ìlù ni wọ́n fi sìn wá dé ẹnu ọ̀nà.

Wàyí o, onílù tí kò rí ẹni náwó fún un, ṣé kò ní sinmi? Àníyàn ló ń náwó fún tiwa. Owó ilé ẹ̀kọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ onílù níwájú orí. Ìdánwò WAEC, ó lẹ̀ ẹ́. Aṣọ ẹbí, ó lẹ̀ méjì. Mo bèèrè owó iṣu mẹ́rin péré lọ́jà Ọba, ìyá oníṣu dá mi lóhùn, onílù bọ́ fìlà kó lè rí ibi gba owó sí. Obì tí à ń pín ní ìpàdé náà kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀: kaféènì inú kọfí wà nínú rẹ̀. A gbé obì dání, à ń tọrọ ẹ̀mí gígùn, a jẹ ẹ́ tán, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni pé àmín ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń náwó jù fún onílù yìí ni ẹ̀rù ìlù fúnra rẹ̀. Ó lu ẹyọ kan, a ní ikú dé. Ẹ̀rù bà wá, ó tún lu mẹ́wàá. Àwa là ń fi ọwọ́ ara wa náwó fún un.

Adó kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ àìrí dókítà. Ilé tí kò bá ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní Èkìtì, àlejò ni wọ́n. Òkúta ni ọ̀jọ̀gbọ́n tiwa kọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì. Mo pè é. Ó húkọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ilẹ̀ pàápàá máa ń mì bó bá fẹ́ yí padà. Mo dúpẹ́, mo tètè pa fóònù kó má baà wa kùsà láyà mi. Màmá alágbo gbé ìgò kan jáde, ó ní ó ń wo àyà lílù, jẹ̀díjẹ̀dí, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọkọ tí kì í tètè wọlé. Mo ní èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn nìkan ni kó bù fún mi. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ ní ayé ló ń lù mí. Mo ní ta ni ayé? Ó bojú wo ibi tí ìyakọ mi jókòó sí. Ọmọ mi pè láti Kánádà, ó ní, "Màmá, ẹ má ronú mọ́ o, ẹ fara balẹ̀." Mo fara balẹ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ sọ fún yín pé mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀." GBÌM!

Ti WhatsApp ló burú jù. Ohùn kan tí kò sọ orúkọ ní láago kan òru pé kí obìnrin tí àyà rẹ̀ bá ń lù gbé ayù méje mì, kó sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ìwọ lo fi ránṣẹ́ sí mi. Nọ́ńbà rẹ wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó sú mi, mo gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà náà jẹ́ ọmọdébìnrin tí mo lè bí, ó gbé nǹkan tí wọ́n ń fi sétí lé mi láyà. Ẹ mọ ìtàn nǹkan yẹn? Ní Paris lọ́dún 1816, dókítà Laennec fẹ́ gbọ́ ọkàn ọ̀dọ́bìnrin kan tó sanra díẹ̀. Ojú tì í láti gbé etí lé àyà rẹ̀, ló bá ká bébà bí ẹni fẹ́ di ẹ̀pà, ó gbé e síbẹ̀, ó sì gbọ́ ọ ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìtìjú ọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ayé lóore báyìí. Ẹ̀yin ọkùnrin Adó, ẹ gbìyànjú, ẹ máa tijú.

Wọ́n wá lẹ nǹkan mọ́ mi láyà, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, bí ẹni fẹ́ ṣáájì fóònù. ECG nìyẹn, ẹ̀rọ tí Einthoven ará Netherlands tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Bébà rẹ̀ jáde: òkè, àfonífojì, òkè, àfonífojì. Mo ní, "Dókítà, máàpù Èkìtì nìyí." Ó ní rárá, ọkàn mi ni, ó sì dára. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi pẹ̀lú, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú ọkàn sáré, ẹ sì mọ bí nǹkan oṣù ṣe máa ń ya nígbà mìíràn kó tó dágbére. Wọ́n wo ìfúnpá, wọ́n wo thyroid inú ọrùn. Ó bi mí pé ife kọfí mélòó ni mò ń mu lójúmọ́. Mo ní ọ̀kan. A dúpẹ́ pé kò bèèrè bí ife náà ṣe tóbi tó.

Ó ní kò sí àrùn lọ́kàn mi. Ká sọ òótọ́, inú bí mi. Lẹ́yìn gbogbo owó tí mo san, àrùn kékeré kan kò sí? Ọmọ Adó wo ló ń jáde nílé ìwòsàn láì mú ọ̀rá oògùn dání? Ó ní kí n dín kọfí àti obì kù, kí n máa sùn dáadáa, kí n máa rìn, kí n máa mu omi. Bí ìlù bá dé, kí n jókòó, kí n fi imú fa èémí kí n ka mẹ́rin, kí n rọra tú u jáde kí n ka mẹ́fà, kí n ṣe é títí onílù yóò fi rí i pé kò sí owó níbí. Ó ní bí ooru àti àìsùn bá pọ̀ jù, ìtọ́jú hómóònù wà tí òun lè bá mi yẹ̀ wò. Lọ́dọ̀ dókítà ni o, kì í ṣe nínú ìgò Màmá alágbo.

Ibì kan wà tí ẹ̀fẹ̀ ti parí. Bí ìlù bá dé tí òòyì gbé yín ṣubú, tàbí tí àyà ń dùn yín, tàbí tí èémí kò tó yín, tàbí tó ń sáré tí kò dúró, tàbí tí ẹnì kan nínú ẹbí yín ti kú lójijì ní kékeré, ẹ má pe ọ̀jọ̀gbọ́n òkúta. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó níbí, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Kódà bó jẹ́ gbìm lásán bíi tèmi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Dókítà ló lè sọ pé kò sí nǹkan, kì í ṣe ọkọ tó ń hanrun.

Ní báyìí, mò ń jí rìn láràárọ̀ láti Fájuyì lọ sí Ìjìgbò. Bí mo bá ń kọjá lẹ́bàá ọgbà ìrántí ọ̀gágun wa, mo máa ń kí i. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ìlù lásán ni, mi ò sá." Onílù ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ mi ò náwó fún un mọ́. Ẹ̀yin ọkọ wa, bí ẹ bá tún gbọ́ gbì-gbì lóru, ẹ má bèèrè ọbẹ̀, ẹ má bèèrè pé kí la ṣe. Ẹ dìde, ẹ bu omi tútù wá, kí ẹ sì jókòó tì wá títí ìlù yóò fi dákẹ́.