Sí Àna Mi Tó Ń Fi Omi Fọ Epo

Àna mi àtàtà,

Gbogbo Eruku ti gbọ́ pé epo pupa yín ń ta yín lọ́nà ọ̀fun, lẹ bá da omi gbígbóná sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ da omi náà nù, ẹ tún bu òmíràn sí i. Wọ́n ní ẹ ní bí ìyàwó yín, àbúrò mi, ṣe ń pààrọ̀ omi ògì kó má baà kan jù lẹ ń ṣe é. Ọgbọ́n ni, àmọ́ ìdí ògì ló mọ.

Lóòótọ́, ásíìdì ló wà nínú méjèèjì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti ògì kò ní ju kábọ́ọ̀nù 3 lọ, ó sì fẹ́ràn omi dé góńgó: ibi tí omidùn bá ń lọ ló ń bá a lọ. Nínú ẹbí ásíìdì inú fínígà, èyí tó ní kábọ́ọ̀nù 1 títí dé 4 ń pò mọ́ omi láìṣẹ́kù. Tó bá di 6, lítà omi kan kò gbà ju bíi gíráàmù 10 lọ. Ti epo yín ńkọ́? Palmitic acid, tí Edmond Frémy ará Faransé rí nínú epo pupa ní 1840, ní 16. Ìrù tó gùn tó yẹn kì í gbọ́ ti omi. Bí ẹ tilẹ̀ fa odò Ọya wá sí Eruku, ẹ kàn ń fi omi ṣòfò ni.

Ta ló wá tú ásíìdì náà sílẹ̀? Ẹ̀yin ni, ẹ má bínú. Nínú epo tó dáa, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n so mọ́ glísẹ́rìn, wọn kì í ta ẹnikẹ́ni lọ́fun. Ẹ wá gé ìdì ẹyìn, ẹ jẹ́ kó fara gbọgbẹ́, ẹ fi sílẹ̀ kó máa rà, ẹ gba ìpàdé ẹgbẹ́ lọ. Énsáìmù inú ẹyìn sì ń já wọn kúrò lára glísẹ́rìn. Bí ẹ bá se ẹyìn náà ni énsáìmù ọ̀hún máa kú. Àwọn oníṣòwò ńlá kì í fẹ́ epo tí irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ bá ju ìdá 5 nínú 100 lọ.

Omi eérú ni oògùn ásíìdì náà. Pọ́táṣì inú rẹ̀ á sọ ásíìdì náà di ọṣẹ, ọṣẹ á sì gbà fún omi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá igi ìdáná àbúrò mi sí. Ẹ gbé epo náà fún àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú, kí ẹ sì se ìdì tó kàn kó tó rà. Ní Kérésì, ọṣẹ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mi ò gba epo.