Ẹni Tí Kò Ní Èèwọ̀

Ẹ bi arákùnrin tó wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Redemption Camp, ibùdó ìjọ Redeem, ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù léèrè pé kí ni èèwọ̀ ilé wọn. Á ní, "Èèwọ̀ kẹ̀? Èmi àtúnbí!" Kó tó pa ẹnu dé, dẹ́rẹ́bà ti tẹ bíréèkì lójijì ní Ibafo. Arákùnrin ké tòò: "Èèwọ̀ òrìṣà!" Ó ti bọ́! Ló bá sáré fi "Ẹ̀jẹ̀ Jésù" tẹ̀lé e bí ẹni fi omi lé oògùn.

Kò sí ìdílé Yorùbá tí kò ní nǹkan tí wọn kì í jẹ tàbí tí wọn kì í ṣe. Ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu. Adósù Ṣàngó kì í jẹ sèsé. Àdí ni ti Èṣù, ẹ má gbé e súnmọ́ ọn. Àwọn ìbejì kì í jẹ ẹran edun. Èèwọ̀ ẹnìkan sì rèé, ọbẹ̀ ẹlòmíràn ni: ẹmu tí Ọlọ́bàtálá ń sá fún, Ògún ní kí wọ́n tún bù sí i.

Ìjọ arákùnrin wa náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Bàbá Josiah Akíndayọ̀mi, ọmọ Oǹdó, tó dá ìjọ Redeem sílẹ̀ ní 1952, inú Kérúbù àti Séráfù ló ti jáde wá. Ẹ gbé bàtà wọ̀ mọ́ sùtánà níbẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí! Ní Kámpù, bàtà ló pọ̀ jù, tó ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ẹ wá ìgò ọtí tàbí sìgá rà níbẹ̀ wò. Ẹni tí ọ̀fun bá ń yún, kó forí lé ìta, kó wá alágbo lọ. Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe é, a ti gbọ́. Jẹ̀díjẹ̀dí tí kì í san, tí kì í sì í pa ni.

Àgàgà tí January bá dé. Ààwẹ̀ ìjọ yìí máa ń tó ọjọ́ 50. Ní 2024, ọjọ́ 100 ni Bàbá Adébóyè, olórí ìjọ náà, kéde. Iyán tí kì í ṣe èèwọ̀ bàbá ẹnikẹ́ni, ó dèèwọ̀ títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́! Ẹ wo arákùnrin wa nídìí mọ́ínmọ́ín ní agogo méjì ọ̀sán, ó ń wọ̀tún, ó ń wòsì, ó fi ewé bo ẹnu. Tí ó bá jẹ́ ti ilé wọn tó jẹ́ ilé ìbejì ni, edun nìkan ni wọ́n ní kó má jẹ, ta ló sì ń ta edun ní Mowe?

Ó yá, fóònù wa ti ṣí. Ẹ pè, kí ẹ sọ èèwọ̀ ilé yín fún wa. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ oúnjẹ.