Bọ̀dá Gbá-a-dáadáa

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì èyíkéyìí láàárín Ibeshe àti Ìgbògbò láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó bá Bọ̀dá Gbá-a-dáadáa níbẹ̀. Kì í ṣe mẹkáníìkì. Kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan, ẹnikẹ́ni kò ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un rí, NATA tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Mọ́tò ló ní, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fi jáàkì gbé Corolla rẹ̀ sókè, òun ti di ọ̀gá gbogbo wọn nìyẹn. Yóò ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, yóò wọ́ bẹ́ǹṣì sún mọ́ táyà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ sísọ.

Orí Beetle bàbá rẹ̀ ló ti kàwé. Lọ́dún 1975 tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Beetle ní Ọ̀jọ́, bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó tètè rà á, Beetle náà ni Bọ̀dá sì fi ń díwọ̀n gbogbo mọ́tò títí dòní. Ẹ́ńjìnnì Beetle, ẹ̀yìn ló wà. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ iwájú kì í fi í tètè yé e. Èyí tí Beetle kò kọ́ ọ, YouTube ti kọ́ ọ, àmọ́ ìdajì fídíò ni, torí dátà a máa tán kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń to nǹkan padà.

Ẹsẹ̀ iwájú Corolla yìí ti ń dún kó-kó-kó láti ìgbà òjò. Bọ̀dá fi rédíò bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí fújì kò bò ó mọ́ ló tó gbé e wá. Mẹkáníìkì di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín, ó ní, "Bọ̀dá, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti lọ." Irin olórí róbótó kan ni, tó jókòó sínú girísì, òun ló so apá ìsàlẹ̀ mọ́ irin tó gbé táyà ró, tí táyà fi ń yí sọ́tùn-ún sósì, tó sì tún ń lọ sókè sódò lórí kòtò. Bó bá yọ lórí eré, táyà yóò ká sábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ yóò sì fi àyà lélẹ̀. Ẹni tó ń ná ọ̀nà Ìkòròdú sí Máìlì 12 ti rí dánfó tó kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tí àwọn èrò rẹ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí wọ́n ń gba owó wọn padà lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́.

"Kò tíì lọ," ni Bọ̀dá wí. "Girísì ló ń fẹ́."

Ìgbà tí àríyànjiyàn pọ̀, ó ṣí búùtù, ó sì mú òmíràn jáde. Ọjà Ládìpọ̀ ló ti rà á, wọ́n tú u lára mọ́tò tó ti kú sókè òkun. "Bẹ́líjọ́ọ̀mù ni," ó fi ń yangàn. Lójú tirẹ̀, ohun tí òyìnbó lò títí tó fi sọ ọ́ nù ti fi agbára rẹ̀ hàn. Tuntun, ta ló mọ̀ ọ́n? Lóòótọ́, láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, owó páàtì tuntun ti gorí àjà, kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi tán. Ṣùgbọ́n owó aṣọ ẹbí tó dá lóṣù tó kọjá ìbá ra tuntun fún ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni yíyọ èyí tó ti gbó. Ìdí irin náà fẹ̀ lápá kan, ó tín-ín-rín lápá kejì, ihò tó wọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì ló fà á wọlé, ọdún pípẹ́ lórí kòtò sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́nú bí èdídí ẹnu akèrègbè. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì, ibẹ̀ náà ni yóò wà. Ìpẹtà Ibeshe tún wá lé e: etí ọ̀sà nibẹ̀, omi ọ̀sà Èkó a sì máa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi odò bá fà tí ti òkun wọlé.

Mẹkáníìkì yọ kọ́tàpín, ó dẹ nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu irin kí nǹkan má baà já lù ú lójijì. Ó fi òòlù kan ti ẹ̀gbẹ́ kejì ihò náà, ó fẹ́ fi èkejì gbá ẹ̀gbẹ́ ihò, torí bí ihò bá gbọ̀n pẹ́rẹ́, irin inú rẹ̀ yóò tú. Bọ̀dá fò dìde. "Kí lo ń gbá ẹ̀gbẹ́ sí? Orí rẹ̀ ni kó o gbá! Gbá a dáadáa!" Bí wọ́n bá gbá orí, ojú irin á tẹ́ pẹlẹbẹ, nọ́ọ̀tì kò ní lè jáde mọ́. Mẹkáníìkì ní kó dá owó kékeré kí òun fi yá púlà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. "Púlà? Ṣé òòlù ti tán nílùú ni?" Bọ̀dá ní kí wọ́n pe wẹ́dà kó wá fi iná sí i. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé iná ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì lè sọ irin di ọ̀lẹ. Ó ní iná kì í ba Beetle jẹ́.

Ó wá fa agolo WD-40 yọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa oògùn yìí ni pé ẹni tó pò ó ní San Diego lọ́dún 1953 gbìyànjú nígbà 40 kó tó bọ́ sí i, ibẹ̀ ni iye náà ti dé inú orúkọ rẹ̀. Bọ̀dá kò lè ní sùúrù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó fi ráyè wọnú irin. Bó ti fín in tán, ó pariwo, "Ó yá, gbá a!"

Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé kì í ṣe Honda Accord 2003 ló ní, èyí tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní End of Discussion. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ tìyẹn mọ́nú irin, ẹ̀rọ náà ló sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Níbẹ̀ ni discussion ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí Bọ̀dá lọ gba fóònù ni mẹkáníìkì rí àyè. Ó gbá ẹ̀gbẹ́ ihò lẹ́ẹ̀kan. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Pọ́! Ó já.

"Ṣé mo sọ fún yín!" Bọ̀dá ti padà dé. Wọ́n de Bẹ́líjọ́ọ̀mù mọ́ ọn, wọ́n ní kó lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, ó ní ojú òun ríran dáadáa, táyà òun dúró ṣánṣán. Ó kan owó iṣẹ́. Ó bojú wo òòlù, ó bojú wo mẹkáníìkì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gbá nǹkan, ẹnikẹ́ni kò làágùn, kí ni wọ́n ń gba owó tó tó yẹn lé lórí? Àti pé òun náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀, ọ̀fun ti gbẹ òun, kí wọ́n yọ tòun kúrò níbẹ̀.