Ilé Onítáyà Tí Kò Lọ Síbì Kan

Lọ́dún 1979, ìjọba Kalifọ́níà ra ilẹ̀ Crystal Cove, létí òkun ìlú Laguna Beach, kí tẹrú-tọmọ lè máa gbafẹ́ níbẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe bá àwọn onílé onítáyà ní El Morro, lórí ilẹ̀ náà, nǹkan bí 300 ilé, tí wọ́n ti kọjú sí òkun tipẹ́. Onítáyà lórúkọ o. Táyà ọ̀hún ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yí.

Ìjọba ṣàánú, ó fún wọn ní 20 ọdún. Ó pé, wọ́n gba ọdún márùn-ún lé e. Ìyẹn náà pé, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Ta ló fẹ́ bá wọn wí? Ẹni tí ìgbì òkun ń jí láràárọ̀, ṣé ó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ni? Ọdún 2006 ni wọ́n tó palẹ̀ mọ́.

Nígbà tó di 2011, ìjọba ṣí ibùdó ìpàgọ́ Moro síbẹ̀. Ó wá di ti gbogbo ayé wàyí! Àmọ́ nǹkan bí 60 ni ààyè tó wà fún gbogbo ayé náà. Ẹ kò sì gbọdọ̀ dá iná igi, nítorí iná kì í bá igbó Kalifọ́níà ṣeré. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ń ṣí ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ ààyè, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láago mẹ́jọ àárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣọdún Kérésìmesì níbẹ̀, ẹ tètè jí nínú oṣù Òkúdù.