Ọkọ̀ Tó Lóṣòó Sójú Títì

Àbúrò mi onípíkọ́ọ̀pù ní Carolina, l'Amẹ́ríkà, o kú ìnáwó o! A rí ọkọ̀ rẹ. Ta ni kò ní rí i? Imú rẹ̀ ń wo sánmà, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ó lóṣòó sójú títì bí ẹni tí ẹ̀wà àná ń yọ inú rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní o sanwó kí wọ́n tó ṣe é báyìí. A rò pé ó já sí kòtò ni.

Carolina Squat ni wọ́n ń pe àṣà yìí. Àwọn tó mọ orírun rẹ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sá eré ọkọ̀ nínú aṣálẹ̀ ló ti wá, irú ìdíje Baja 1000 tó bẹ̀rẹ̀ ní Mẹ́síkò lọ́dún 1967. Níbẹ̀, ọkọ̀ ń fò kọjá òkìtì iyanrìn, wọ́n sì ń fẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ kó má baà fi imú gúnlẹ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ, àbúrò, òkìtì iyanrìn wo ló wà láàrin ilé yín àti ibi tí o ti ń ra adìyẹ díndín? Bọ́ǹpù kan ṣoṣo tó wà lọ́nà, o tún ń rọra gùn ún kí báńpà ẹ̀yìn má baà ha ilẹ̀.

Jẹ́ ká wo ohun tí owó rẹ rà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti di ògiri níwájú rẹ. Ọmọdé lè sọdá níbẹ̀ kí o má rí irun orí rẹ̀. Iná iwájú kò tan ọ̀nà mọ́, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló ń tàn sí, àwọn ẹyẹ orí igi náà kò sì róorun sùn. Bíréèkì kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe láti ru ẹrù kò lè ru ẹrù mọ́. Ìdí ti wà nílẹ̀ kí ẹrù tó dé, ibo ni ẹrù fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ? Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbé ọkọ̀ dúró, o wá gbé méjì sórí òkè, o fi méjì sínú àfonífojì.

Ni ọ̀rọ̀ bá dé ilé aṣòfin. Ẹ wo àwọn àgbààgbà, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n so táì, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń jíròrò! Kì í ṣe pé North Carolina kórìíra ọkọ̀ gíga. Òfin wọn ti wà tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ju íǹṣì 6 lọ gbé ọkọ̀ sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Lọ́dún 2021, gómìnà Roy Cooper fọwọ́ sí àfikún kan: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún náà, bí fẹ́ńdà iwájú bá fi íǹṣì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ga ju ti ẹ̀yìn lọ, o ti lùfin. Láti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, yóò gba àárín táyà kọjá títí dé etí fẹ́ńdà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mẹta láàrin oṣù 12 yóò pàdánù láísẹ́ǹsì fún ọdún kan, ó kéré tán. Mo mọ̀ pé o ti ń ṣírò: íǹṣì 3 àti ààbọ̀ ńkọ́? Ọlọ́pàá kò ní mú ọ. Àwa ò ní yéé rẹ́rìn-ín.

Virginia kò bá wọn ṣeré. Ní oṣù Kejì 2022, ọkùnrin kan kú níbi tí irú ọkọ̀ yìí ti forí sọ ọkọ̀ rẹ̀ ní Mecklenburg County. Kí oṣù Kẹta tó parí, òfin tó ka irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín tèmi dúró sí.

South Carolina dé lẹ́yìn wọn. Gómìnà Henry McMaster fọwọ́ sí òfin tiwọn ní 2023, wọ́n sì fi 180 ọjọ́ kìlọ̀ lásán fún àwọn awakọ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko láti fi gbé ìdí sókè! Lẹ́yìn náà, owó ìtanràn 100 dọ́là nígbà àkọ́kọ́, 200 nígbà kejì. Nígbà kẹta, 300, láísẹ́ǹsì á sì lọ fún ọdún kan. Ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni Ọ̀yọ́túnjí wà, ní Sheldon, ìlú àṣà Yorùbá tí Ọba Adéfúnmi dá sílẹ̀ ní 1970. Àbúrò, bí o bá wa ọkọ̀ rẹ dé ibẹ̀, wọn á kọ́ ọ pé níwájú ọba, àyà là ń fi kanlẹ̀, kì í ṣe ìdí.

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Charlotte àti Raleigh ní North Carolina, bí ọmọ yín bá fẹ́ ọkọ̀ gíga, ẹ ní kó gbé iwájú àti ẹ̀yìn sókè dọ́gba, kó má kọjá íǹṣì 6. Ẹ̀yin tó sì ń ra tòkunbọ̀ láti ìhà ibẹ̀, ẹ mú téèpù dání, kí ẹ wọn fẹ́ńdà méjèèjì kí ẹ tó sanwó.